A kì í fá orí lẹ́yìn olórí: ìjíròrò lórí ọgbà Gezi ní Istanbul

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ kan. Mo gbọ́ pé ní ọdún 2013, àwọn ará Istanbul ní ilẹ̀ Túrkì ya bo ìgboro nítorí pé ìjọba fẹ́ hú igi díẹ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan, tí ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí ènìyàn ń kú sí. Níhìn-ín lọ́dọ̀ tiwa, igi ni a ń gé kí a tó dáko, igi ni ìyá wa fi ń dáná, kò sì sẹ́ni tó tìtorí igi lọ sùn sí títì rí. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá? Bí ìjọba bá ní òun fẹ́ kọ́ ilé ìtajà ńlá sórí ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń gbé lórí rẹ̀, èmi á ní kó máa kọ́ ọ lọ, torí iṣẹ́ ni yóò bá a dé. Kí ni wọ́n tilẹ̀ rí gbà nínú gbogbo rẹ̀?

* * *

Àbúrò, o ṣeun tí o kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Igi ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ nídìí igi rárá.

Ẹ̀gbẹ́ gbàgede Taksim ni ọgbà Gezi wà, ní àárín gbùngbùn Istanbul, níbi tí ilé àti ọ̀nà ti gba gbogbo ilẹ̀ tán tí ó fi jẹ́ pé ibi tí àgbàlagbà lè jókòó sí lábẹ́ igi kò pọ̀ mọ́. Bárékè àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kọ́ ní 1806 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìṣọ̀tẹ̀ àwọn ọmọ ogun ní 1909 bà á jẹ́, wọ́n sọ ọ́ di pápá bọ́ọ̀lù nígbà tó yá, wọ́n sì wó o ní 1940 kí wọ́n tó fi ibẹ̀ ṣe ọgbà gẹ́gẹ́ bí ètò tí Henri Prost, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe fún ìlú náà. Recep Tayyip Erdoğan, tó jẹ́ olórí ìjọba Túrkì nígbà náà, láti 2003, ló fẹ́ kí wọ́n tún bárékè yẹn gbé dìde, kí ilé ìtajà ńlá sì wà nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ààbò àwọn nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé kọ ètò náà ní oṣù Kìíní 2013, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ tó ga jù ú lọ fi yí ìpinnu náà padà. Ibí yìí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í fiyè sí i. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀, àwọn tó mọ̀ ní rárá, wọ́n sì ṣe é bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fọhùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ni katakata dé, tó wó ògiri kan tó sì hú igi díẹ̀. Bí ènìyàn 50 ló pàgọ́ síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, aṣòfin kan tó ń jẹ́ Sırrı Süreyya Önder lọ dúró síwájú katakata náà, iṣẹ́ sì dúró. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ọlọ́pàá kan tẹ tajútajú sí ojú obìnrin kan tó wọ aṣọ pupa, tó gbé báàgì funfun kọ́ èjìká, láti ibi tí kò ju ìwọ̀n apá kan tàbí méjì lọ, tí atẹ́gùn ohun tí ó tẹ̀ sí i fi gbé irun rẹ̀ sókè. Ó kàn dúró ni. Kò ju òkò, kò sì gbé igi dání. Àwòrán yẹn ni gbogbo ayé rí. Ní ìdájí ọjọ́ 30, wọ́n dáná sun àwọn àgọ́. Ní ìdájí ọjọ́ 31, wọ́n tún padà wá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà mọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti fẹsẹ̀ rìn kọjá afárá orí Bosphorus, omi tó pín ìlú náà sí méjì, láti òdìkejì ìlú, àwọn ọlọ́pàá sì kúrò ní Taksim lọ́jọ́ náà.

Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé Túrkì fúnra rẹ̀ ló ṣírò rẹ̀ pé mílíọ̀nù 2.5 ènìyàn ló jáde, ní ìpínlẹ̀ 79 nínú 81 tí orílẹ̀-èdè náà ní. Igi díẹ̀ kò lè gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ jáde. Tajútajú gbé wọn jáde, àgọ́ tó jóná gbé wọn jáde, pẹ̀lú àwọn ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: òfin tó dín títa ọtí kù tí ilé aṣòfin ṣe ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, àti afárá kẹta lórí Bosphorus tí wọ́n fi orúkọ Sultan Selim sọ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, nígbà tí àwọn Alevi, ìjọ ẹlẹ́sìn kan tó kéré ní Túrkì, kò tíì gbàgbé pípa tí ọba yẹn pa àwọn baba ńlá wọn. Níbi tí gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀, ètò nípa ẹyẹ penguin ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn CNN Türk ń fi han àwọn òǹwòran rẹ̀.

* * *

Èsì ti wá lóríṣiríṣi, mo sì fẹ́ mú mẹ́ta nínú wọn.

Bàbá kan ní Ìjerò sọ pé àwọn òyìnbó ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí Erdoğan náà sọ nìyẹn, ìjọba rẹ̀ sì ní ànfààní láti fi ẹ̀rí hàn nílé ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù Kejì 2020, ilé ẹjọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà dá àwọn olùjẹ́jọ́ tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀ torí pé kò rí ẹ̀rí tó tó. (Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ọ̀tọ̀ ni, n óò dé ibẹ̀.)

Ẹlòmíràn ní ọmọ olówó ni gbogbo wọn. Àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Beşiktaş, Fenerbahçe àti Galatasaray, tí wọn kì í fẹ́ rí ara wọn sójú, dúró pọ̀ níbẹ̀, èmi kò sì rò pé ọmọ olówó ni ó máa ń kún apá ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì ti rọjú jù nínú pápá bọ́ọ̀lù níbikíbi láyé.

Ẹ̀kẹta ni tìrẹ, àbúrò: pé ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń gbé lórí rẹ̀ kò ní ẹni tó ni ín. Èyí ni mo fẹ́ jókòó tì.

* * *

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà kí ó máa bójú tó o fún ànfààní gbogbo ènìyàn. Gómìnà lè gba ilẹ̀ padà nítorí ìlò ará ìlú, ohun tí òfin sì ní kí ó san owó gbà-má-bínú lé lórí ni ilé, irè oko àti àtúnṣe tí ènìyàn ti ṣe sí ilẹ̀ náà. Ronú sí i dáadáa. Bí ó bá gba ilé rẹ, yóò san nǹkan. Bí ó bá gba oko kòkó, yóò san nǹkan. Bí ó bá gba pápá tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ta ni yóò sanwó fún? Pápá ló rọ̀ jù lọ́wọ́ ìjọba láti mú, nítorí pé gbogbo wa ni a ni ín, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó lè fi ìwé hàn pé tòun ni. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Gezi. Àwọn tó ń jókòó lábẹ́ igi níbẹ̀ kò ní ìwé ilẹ̀.

Iṣẹ́ sọ̀fíyọ̀ ni mo ń ṣe ní Adó, mo sì ti rí irú rẹ̀ lójú. Ní àdúgbò kan tí n kò ní dárúkọ, pílà tuntun mẹ́rin hù láàárín òru sórí pápá tí àwọn obìnrin ti ń sá láfún. Sìmẹ́ǹtì wọn kò tíì gbẹ tán. O lè fi èékánná ha á. Ìpàdé àwọn onílé ní alẹ́ ọjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a hú pílà náà dànù kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn àgbà ní kí a kọ lẹ́tà. Mo sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin láti hú pílà tí sọ̀fíyọ̀ rì mọ́lẹ̀, àti pé ẹni tó bá hú u ti fún ẹni tó rì í ní ẹjọ́ tí ó ń wá. Mo sì sọ fún àwọn àgbà pé lẹ́tà tí kò bá gbé àwòrán àdúgbò dání kò ní kọjá orí tábìlì akọ̀wé.

A wá àwòrán náà dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, nínú fáìlì tí ikán ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ létí. Àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn sí ibi pápá yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín àdúgbò náà, èyí tó túmọ̀ sí pé àyè ìgbafẹ́ ni, kì í ṣe ilẹ̀ ìkọ́lé. A ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a fi mọ́ lẹ́tà. Ní gbogbo àsìkò tí lẹ́tà fi ń lọ láti ọ́fíìsì kan sí èkejì, àwọn obìnrin kò yé sá láfún wọn yí pílà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká láràárọ̀, wọ́n gbé àpótí jókòó tì í, wọ́n ń ṣẹ́ èyí tó dì lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó pariwo. Pílà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ilé kò sí lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ń sọ pé lẹ́tà ló ṣe é, àwọn obìnrin ń sọ pé láfún ni.

Ohun tí ó mú mi sọ ìtàn yìí ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí Gezi bí ìwọ́de nìkan. Iṣẹ́ ìwé ti wà nídìí rẹ̀ kí àgọ́ kankan tó dúró. Láti 2012 ni àwọn ẹgbẹ́ ayàwòrán ilé, àwọn olùṣètò ìlú àti àwọn mìíràn ti para pọ̀ di Taksim Dayanışması, ìyẹn ẹgbẹ́ alájùmọ̀ṣe Taksim, tí wọ́n ń kọ̀wé, tí wọ́n sì ń ṣàlàyé fún ará ìlú. Ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo ọgbà náà ti gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tí tajútajú bo Taksim mọ́lẹ̀, ni ilé ẹjọ́ kan ní Istanbul pàṣẹ pé kí iṣẹ́ bárékè náà dáwọ́ dúró ná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, a tún gbọ́ pé ilé ẹjọ́ mìíràn ti fagi lé ètò náà. Bí kò bá sí èrò ní ìta, mo ṣiyèméjì bóyá ẹnikẹ́ni ìbá tẹ̀lé ìwé adájọ́. Bí kò bá sì sí ìwé nílé ẹjọ́, èrò ìbá padà sílé láìní ohun kan tí wọ́n lè fi ọwọ́ tọ́ka sí. Àbúrò, o béèrè ohun tí wọ́n rí gbà: ọgbà náà wà níbẹ̀, igi wà níbẹ̀, bárékè kò sí.

* * *

Olùkọ́ kan ní Ìkọ̀lé bá mi jà lórí ìyẹn. Ó ní mo ń yin àwọn ènìyàn tó kọ̀ láti lọ sílé nígbà tí ìjọba ti fún wọn ní ohun tí wọ́n béèrè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sì yẹ kí a fojú fò ó.

Ní òru ọjọ́ 13 mọ́jú ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, Erdoğan pe àwọn aṣojú Taksim Dayanışması àti àwọn òṣèré kan sí ìpàdé ní Ankara. Ó ní òun yóò dúró de ìdájọ́ ilé ẹjọ́, àti pé bí ilé ẹjọ́ bá tilẹ̀ dá ìjọba láre, àwọn ará Istanbul ni yóò dìbò sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Àwọn aṣojú gbé ọ̀rọ̀ yìí padà sínú ọgbà. Ní alẹ́ ọjọ́ 14, àwọn tó wà níbẹ̀ pín ara wọn sí ìpàdé kéékèèké, wọ́n sì jíròrò rẹ̀ fún wákàtí pípẹ́. Wọ́n ní àwọn kò kúrò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọlọ́pàá wọ inú ọgbà pẹ̀lú tajútajú àti omi, wọ́n lé gbogbo ènìyàn, wọ́n sì ṣa àgọ́, ilé ìkàwé tí wọ́n fi pákó tò àti ibi ìtọ́jú aláìsàn kúrò.

Olùkọ́ yìí ní: ṣé ọgbọ́n nìyẹn? Èrò tèmi ni pé ìbá dára kí wọ́n kó àgọ́ kúrò, kí wọ́n fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì, kí wọ́n sì di ọ̀rọ̀ olórí ìjọba mú ní gbangba. Ṣùgbọ́n n kò lè dá wọn lẹ́bi bí olùkọ́ ti ṣe. Ẹni tó pè ọ́ ní jàǹdùkú ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó sì ti fi ìdájọ́ àwọn onímọ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan rí, ń sọ fún ọ pé kí o lọ sílé kí o fọkàn tán òun. Ènìyàn mélòó ló ti kú nígbà yẹn, tí kò sí olórí kan tí wọ́n yọ nípò? Àwọn tó wà nínú ọgbà ń béèrè kí àwọn tó pàṣẹ ìwà ipá dáhùn fún un, ohun tí wọ́n sì gbé fún wọn kò dé ibẹ̀.

Ọjọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n ti lé wọn, ọjọ́ 16, agolo tajútajú bá ọmọ ọdún 14 kan ní orí ní àdúgbò rẹ̀. Berkin Elvan ni orúkọ rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ní búrẹ́dì ló lọ rà. Ó wà láìlajú fún ọjọ́ 269 kó tó kú ní oṣù Kẹta 2014.

* * *

Ìbéèrè kúkúrú kan láti Adó níhìn-ín: ṣé a nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá kí a tó ṣe ìwọ́de? Ní 2007, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Nàìjíríà dá a pé a kò nílò rẹ̀, nínú ẹjọ́ tí ó wà láàárín ọ̀gá ọlọ́pàá àti ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP. Ìwé òfin 1999 náà sì fún wa ní ẹ̀tọ́ láti péjọ. Síbẹ̀, ó dára kí a kọ̀wé sọ fún ọlọ́pàá pé a ń bọ̀. Sísọ fún wọn kì í ṣe títọrọ. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé ìkan náà ni méjèèjì fẹ́ kí o jókòó sílé ni.

* * *

Alhájì kan, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, ní òun gbọ́ pé wọ́n mu ọtí nínú mọ́sálásí, àti pé ẹni tó bá ṣe irú rẹ̀ kò yẹ ní gbígbèjà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí, sà. Nígbà tí tajútajú gba gbogbo àdúgbò Dolmabahçe ní Istanbul, wọ́n gbé àwọn tó fara pa lọ sínú mọ́sálásí Bezmi Alem Valide Sultan, àwọn dókítà sì ń tọ́jú wọn lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Erdoğan ní wọ́n wọ bàtà wọlé, wọ́n sì mu bíà. Ladánì mọ́sálásí náà, tó wà níbẹ̀, ní òun kò rí ẹni tó mu ọtí. Wọ́n gbé e kúrò ní mọ́sálásí náà lẹ́yìn náà.

Bákan náà, àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn tó ń wọ́de. Ní alẹ́ Miraji, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, àwọn tó wà nínú ọgbà fohùn ṣọ̀kan pé kò ní sí ọtí níbẹ̀. Wọ́n kírun Jímọ̀ lábẹ́ igi, àwọn tí kì í kírun sì yí wọn ká láti ṣọ́ wọn. Nígbà tí Ramadan dé ní oṣù Keje, wọ́n tẹ́ aṣọ àti ìwé ìròyìn sórí ilẹ̀ ní òpópónà İstiklal, wọ́n jókòó ní ìlà gbọọrọ, ẹni tó gbààwẹ̀ àti ẹni tí kò gbà jọ jẹun ìṣínu. Èmi kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n inú ilé tí a ti ń jọ pín ìyán Kérésìmesì àti ẹran Iléyá ni wọ́n bí mi sí, bí ọ̀pọ̀ wa ní Èkìtì, mo sì mọ ohun tí mo rí nínú àwòrán yẹn.

* * *

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé kan ní Ìdó béèrè èyí tó ṣòro jù: bí ọ̀rọ̀ pápá bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ta ni kó fọwọ́ sí lẹ́tà?

Ó ní ìdí tí ìbéèrè yẹn fi ń dẹ́rù bà mí. Nígbà tí ìjọba Túrkì padà wá gbẹ̀san Gezi, àwọn tó mọ̀wé kọ ni ọwọ́ rẹ̀ le mọ́ jù. Wọ́n mú Osman Kavala, oníṣòwò tó ń ná owó rẹ̀ lórí àṣà àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní oṣù Kẹwàá 2017. Ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2019. Ilé ẹjọ́ Túrkì dá a sílẹ̀ ní oṣù Kejì 2020, wọ́n sì tún mú un lọ́jọ́ náà gan-an. Ní oṣù Kẹrin 2022, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 18 fún ènìyàn méje mìíràn: Mücella Yapıcı tó jẹ́ ayàwòrán ilé wà lára wọn, Tayfun Kahraman tó jẹ́ olùṣètò ìlú, àti Can Atalay tó jẹ́ agbẹjọ́rò. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù fi ẹsẹ̀ ìdájọ́ Kavala àti mẹ́rin nínú wọn múlẹ̀, ó sì fagi lé ti Yapıcı àti méjì mìíràn. Àwọn ará ìpínlẹ̀ Hatay ti dìbò yan Atalay sí ilé aṣòfin ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn nígbà tó wà lẹ́wọ̀n. Wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2024 láìjẹ́ kó jókòó níbẹ̀ rí.

Ìjọba àpàṣẹwàá kì í mọ bí a ṣe ń bá mílíọ̀nù méjì ènìyàn ṣẹjọ́. Orúkọ kan ni ó ń wá, tí yóò lè pè ní olórí, tí yóò sì sọ pé òun ló rán àwọn yòókù. Nítorí náà, akọ̀wé, ẹ má ṣe fọwọ́ sí i ní ẹ̀yin nìkan, kí alága náà má sì ṣe é ní òun nìkan. Kí ilé kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ilé rẹ̀, kí àwọn obìnrin àti àwọn tó yá ilé gbé náà kọ tiwọn, kí orúkọ tẹ̀lé ara wọn bí A, B, D ṣe tò, láìsí ti ẹni tó gba iwájú. Bàbá tí kò mọ̀wé kọ, kí ó tẹ àtàǹpàkò. Ẹ gba òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tiyín ní ọ́fíìsì tí ẹ bá gbé e dé. Bí wọ́n bá kọ̀ láti tẹ òǹtẹ̀, ẹ fi ilé ìfìwéránṣẹ́ rán an kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò, kí òmíràn sì wà lọ́dọ̀ ẹni tí kì í gbé ní Ìdó.